Olùkọ́ Tí Kì Í Sọ̀rọ̀

A bá gbogbo òbí tí ọmọ wọn ti rí àyè wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn yọ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, ìmọ̀ràn nípa ìwé kíkà, oorun àti oúnjẹ kò ní wọ́n yín. Àwọn tí ó ṣáájú yín yóò fún yín ní púpọ̀, ẹ gbà á. Ohun kan ṣoṣo ni àwa ní í sọ.

Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ yìí ní ilẹ̀ wa. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi wọ yàrá ńlá kan, tí òórùn oògùn yóò ta yín nímú, tí òkú ènìyàn yóò sì wà lórí tábìlì níwájú yín. Lára rẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ọ̀nà tí iṣan gbà àti bí egungun ti so mọ́ra. Ta ni ẹni náà? Ní Nàìjíríà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú òkú tí a fi ń kọ́ni ni òkú tí ẹnikẹ́ni kò wá bèèrè ní ilé ìgbókùúsí. Àwọn àgbà wí pé ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Ẹni yìí kò rí ọmọ sin ín. Kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè, nígbà tí ó wà láàyè, bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a kọ́ iṣẹ́ lára ẹni tí kò yọ̀ǹda ara rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland, ní ọdún 1828, ọwọ́ tẹ William Burke àti William Hare, tí wọ́n ti pa ènìyàn 16, tí wọ́n sì ta òkú wọn fún Dókítà Robert Knox, tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara. A so Burke kọ́ ní 1829. Ní 1832 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé a lè fi òkú aláìní tí kò sí ẹni tí ó bèèrè rẹ̀ kọ́ni. Òwò burúkú náà parí, ṣùgbọ́n tálákà náà ni ó ṣì ń san owó ẹ̀kọ́ fún gbogbo wa. Ní ìlú yìí kan náà ni Africanus Horton, ọmọ Sierra Leone, gba oyè dókítà ní 1859. Gbèsè náà ti wà lọ́rùn iṣẹ́ yìí kí ó tó kàn wá.

Àwọn kan yóò wí pé òkú kò mọ ìrora, pé òfin gbà á, àti pé ẹni tí kò kọ́ ọ lára òkú yóò ṣàṣìṣe lára alààyè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin gbà wá láàyè láti mú kì í ṣe ẹ̀bùn. Níwọ̀n bí a kò ti lè san án fún òkú, ẹni tí ó jọ ọ́ ni a ó san án fún: obìnrin tí ó dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù láìsí owó, láìsí àlejò, tí ogún akẹ́kọ̀ọ́ yí ká, tí wọ́n sì ká aṣọ rẹ̀ sókè láìkí i. Ẹni tí ó fi òkú ṣe ẹlẹ́yà, tí ó sọ ọ́ lórúkọ ẹ̀fẹ̀, tí ó fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìwà yìí ná.

Nítorí náà, ẹ bo ibi tí ẹ kò bá ṣiṣẹ́ lé lórí. Nígbà tí ẹ bá dé wọ́ọ̀dù, ẹ kí aláìsàn, “Ẹ kú ìrọ́jú, mà,” ẹ sọ orúkọ yín, kí ẹ sì tọrọ àyè. Bí ó bá kọ̀, ẹ má fajú ro.

Díẹ̀ ni nínú àwa ọ̀mọ̀wé tí ó jẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé kí a fi ara òun kọ́ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ọ̀pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì pé jọ pẹ̀lú ẹbí wọn láti dúpẹ́. Tiwa kò ní ẹbí tí a lè pè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ yín ibi tí a ó sin ín sí nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, kí ẹ sì lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà.