Ṣé Òfin Lè Sọ Ọmọ Di Olóòótọ́?

Bí Iléyá bá ń bọ̀ ní Ajah, àwa ọmọ a máa wẹ àgbò, a ó sì máa fà á kiri àdúgbò láti fi yangàn. Mi ò rí aburú níbẹ̀. Omi àti ọṣẹ kò pa ẹran lára. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ 4-H ti máa ń fi ewúrẹ́ oníwàrà díje, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọmú tó kún máa ń wu adájọ́, nítorí náà ẹlòmíràn kì í fún wàrà ewúrẹ́ rẹ̀ títí ọmú yóò fi le koko. Ẹ̀tàn àtijọ́ ni. Ànábì Muhammad kọ̀ fún àwọn tó ń ta ẹran láti ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fún ẹni tó bá rà á ní ọjọ́ mẹ́ta láti dá a padà.

Òfin àwọn ìdíje kan ni pé kí gbogbo olùdíje fún wàrà náà tán ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, lójú àwọn alábòójútó. Ẹnìkan lè sọ pé ọmọ tí a ń ṣọ́ kò tíì di olóòótọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwà ọmọ yẹn lè dúró dọ̀la. Ìrora ewúrẹ́ kò lè dúró. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ òfin náà, kódà bí kò bá yí ọkàn ẹnikẹ́ni padà. Bí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa ní Lekki bá fẹ́ dá irú ìdíje bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ẹ̀bùn.