Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí A Ń Ròyìn Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì

Nínú gírámà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Òsì, ní Ìlọ́fà àti ní àwọn ìlú yòókù ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Èrò ní ìpínlẹ̀ Kwara, òfin kan wà tó jẹ mọ́ afọ̀ agbàrán, ìyẹn ọ̀nà tí a ń gbà ròyìn ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìsọ ọ́ bí ó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an. Òfin náà ni pé bí ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ròyìn bá ti wà ní àsìkò tó ti kọjá, bíi “said” tàbí “told”, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí ẹni náà tó sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gba “had”, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní past perfect, kí òǹkàwé lè mọ èyí tó ṣáájú nínú ohun méjì tó ti kọjá. Àwọn méjì kan jọ gbé òfin yìí yẹ̀ wò, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ní Ìlọ́fà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, àti akọ̀wé kóòtù kan, ọmọ Òsì, tó tún ń ṣe ògbufọ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá ẹni tó fi “had” sílẹ̀ ti ṣẹ ẹni tó ń ròyìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, tàbí àṣìṣe inú ìwé lásán ló ṣe.

Olùkọ́ ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀ ni kí a má ṣe da bí nǹkan ṣe tò rú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì fi ilẹ̀ oko ṣe àpẹẹrẹ. Bí baálẹ̀ bá fi òfin de ilẹ̀ kan, tí ọkùnrin kan sì sọ pé òun ti gbin kòkó síbẹ̀ kí òfin tó dé, akọ̀wé tó bá kọ “when the land was closed, he said he planted cocoa there” ti sọ ẹni tí kò jẹ̀bi di ẹni tó tàpá sí òfin, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ kékeré kan péré ló fò.

Akọ̀wé béèrè bóyá àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kì í fi “had” sílẹ̀. Olùkọ́ gbà pé wọ́n ń fi í sílẹ̀ níbi tí ọjọ́ tàbí ọdún bá ti fi ètò ọ̀rọ̀ hàn, ó sì tọ́ka sí Òsì fúnra rẹ̀. Areogun, àgbà agbẹ́gilére Òsì tí òkìkí rẹ̀ kàn kárí ayé, kú ní 1954, ìwé tí Kevin Carroll kọ lórí ère gbígbẹ́ ilẹ̀ Yorùbá sì jáde ní 1967, nítorí náà ẹni tó bá kọ “Carroll wrote that Areogun carved doors” kò pa ẹnikẹ́ni lára, torí ọdún méjèèjì ti ṣe iṣẹ́ tí “had” ì bá ṣe.

Nígbà tí akọ̀wé sọ pé Yorùbá kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, olùkọ́ kò jẹ́ kí èyí pẹ́ nílẹ̀. Lóòótọ́ ni àwọn onímọ̀ ń pe àsìkò kan nínú Yorùbá ní afànámónìí, nítorí pé ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe kò ya àná sọ́tọ̀ kúrò lára òní, ṣùgbọ́n Yorùbá ní “ti” fún ohun tó ti parí, ó sì ní “òun”. “Ọkùnrin náà ní òun san án” àti “ọkùnrin náà ní ó san án” kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, torí ẹlòmíràn ló san owó nínú èkejì, bẹ́ẹ̀ “he” ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi pe àwọn méjèèjì. Ó ní Yorùbá ń ṣọ́ ẹni tó ṣe é, Gẹ̀ẹ́sì sì ń ṣọ́ ìgbà tó ṣe é, oníròyìn tó bá sì wọ inú èdè kan gbọ́dọ̀ san gbèsè tí èdè yẹn bù fún un.

Orí “ti” yẹn gan-an ni akọ̀wé gbé àtakò tó le jù kà. Nínú ẹjọ́ ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń san, ẹlẹ́rìí kan lè sọ pé òun san án, òmíràn á sọ pé òun ti san án. Ẹni àkọ́kọ́ ń sọ pé ìgbà kan wà tí òun san. Ẹnì kejì ń sọ pé gbèsè kò sí lọ́rùn òun mọ́. Àwọn méjèèjì ni òfin “had” sọ di “he said he had paid”.

“Bàbá,” ni akọ̀wé wí, “ṣé òfin tí ẹ ní ó ń dáàbò bo ẹlẹ́rìí kọ́ ló pa ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́ yìí?”

Olùkọ́ kọ́kọ́ dábàá pé kí oníròyìn fi ọjọ́ tàbí ọdún tí wọ́n san owó náà kún un. Akọ̀wé ní bí ẹlẹ́rìí kò bá dárúkọ ọjọ́, ògbufọ̀ tó dárúkọ rẹ̀ ti di ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀. Olùkọ́ wá ní kí wọ́n lo afọ̀ asafọ̀, ìyẹn kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ẹlẹ́rìí ṣe sọ ọ́, torí “I paid” àti “I have paid” kò jọra. Akọ̀wé gbà pé èyí ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ìwé ẹ̀rí, òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, ní abala 36, sì ti fún ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè kóòtù. Ṣùgbọ́n nígbà tí adájọ́ bá ń kọ ìdájọ́, ìròyìn ló ń ṣe, “had” á sì tún padà wọlé. Ẹni tó bá pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ni yóò mọ ohun tó sọnù níbẹ̀.

Olùkọ́ yà sí ọ̀nà àṣà. Ó rán akọ̀wé létí pé àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, àti pé alárinà tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ilé ìyàwó àti ilé ọkọ kì í gbé ọ̀rọ̀ líle dé bí ó ṣe gbà á, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń pè é ní òpùrọ́. Akọ̀wé fèsì pé ìdílé méjèèjì mọ̀ pé alárinà ń tún ọ̀rọ̀ ṣe, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yàn án, ṣùgbọ́n adájọ́ kò mọ̀ pé gírámà ti tún ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ òun. Olùkọ́ gbà pé àfiwé òun kò dúró.

Ó wá la ọ̀rọ̀ náà síbi tó rò pé ó yẹ. Níbi tí ètò ìṣẹ̀lẹ̀ bá lè kó bá ẹnikẹ́ni, “had” jẹ́ gbèsè, ẹni tó mọ̀ tó sì fò ó ti ṣẹ̀. Níbi tí ètò bá ti hàn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì yẹ kí olùkọ́ fi bú ọmọ bí ẹni pé ó purọ́. Níbi tí “had” fúnra rẹ̀ bá sì bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kí oníròyìn sọ ohun tí ẹlẹ́rìí ní lọ́kàn gbangba, kí ó kọ ọ́ pé ó ní òun kò jẹ gbèsè mọ́. Akọ̀wé ní ìyẹn náà ìtumọ̀ ni, ẹni tó ń túmọ̀ sì lè ṣì í. Olùkọ́ kò rí èsì tó tẹ́ òun fúnra rẹ̀ lọ́rùn fún èyí, ó kàn ní àṣìṣe tí a lè rí kà nínú ìwé sàn ju èyí tí òfin gírámà gbé pamọ́ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìdánwò, nítorí pé kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC tàbí ti NECO ló ń ṣílẹ̀kùn yunifásítì. Akọ̀wé béèrè bóyá olùkọ́ yóò fi máàkì sílẹ̀ fún ọmọ tó kọ “she said she came” níbi tí kò ti sí ìdàrúdàpọ̀ kankan. Olùkọ́ ní òun yóò fi í sílẹ̀ fún àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀, òun yóò sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ní ti SS3, òun yóò máa gé máàkì náà títí wọn yóò fi ṣe ìdánwò tán, torí òun kò lè fi ọjọ́ iwájú ọmọ ọlọ́mọ dán èrò òun wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dá òun lójú pé ohun tó tọ́ ni òun ń ṣe.