Aláìgbọràn Ni, Tàbí Etí Rẹ̀ Ni Kò Gbọ́?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó dá ènìyàn, tí Ó sì fún un ní etí, ojú àti ọkàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwa Yorùbá tí ó yẹ kí a tún wò dáadáa. Bí ọmọ bá ń tẹ̀lé àṣẹ, a ní ó ń gbọ́ràn. Bí kò bá tẹ̀lé e, a ní aláìgbọràn ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ọkàn tí ó ya olóríkunkun àti etí tí ohùn kò wọ̀. Nítorí náà, bí áfáà bá pe ọmọ ọdún 5 lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, kí ni ó mú un dá áfáà lójú pé ìwà ni, pé kì í ṣe etí? Ọ̀pọ̀ ni kì í béèrè. Pàṣán ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: ṣé ó tọ́ kí a máa yẹ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wò, kí a máa wò ó bóyá etí, ọ̀rọ̀ ẹnu, ìrìn tàbí ìwà wọn ní ìdíwọ́ kan, nígbà tí wọn kò tíì ṣàìsàn? Àwọn kan ní àwárí àléébù ni. Àwọn mìíràn ní àìgba kádàrá ni. Àwa ní ẹ̀tọ́ ọmọ ni lọ́rùn wa.

Kí ni àyẹ̀wò náà?

Kì í ṣe abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ. Ìbéèrè àti àkíyèsí ni. Ọmọ tí ó ti pé oṣù 2 máa ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ó ń bá a ṣeré. Kí ó tó pé ọdún kan, ó ti ń wojú ẹni tí ó bá pe orúkọ rẹ̀. Ní oṣù 18, púpọ̀ nínú wọn ti ń dá rìn, wọ́n sì ti ń nàka sí ohun tí wọ́n fẹ́ kí ìyá wọn bá wọn wò. Ní ọdún 2, wọ́n ti ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ọmọ tí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kò bàjẹ́. Àwọn mìíràn a máa pẹ́, kí ó sì dára fún wọn níkẹyìn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà wò ó.

Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní kí a yẹ ìdàgbàsókè gbogbo ọmọ wò ní oṣù 9, 18 àti 30, kí a sì yẹ̀ wọ́n wò fún autism ní oṣù 18 àti 24. Ọ̀nà tí ọpọlọ ọmọ gbà ń bá ènìyàn lò ni autism kàn: ọmọ lè má wojú ẹni, ó lè máa tún ohun kan náà ṣe ṣáá, ariwo tí kò tó nǹkan sì lè dà á láàmú. Kì í ṣe àìmọ ọmọ tọ́ ìyá ni ó ń fà á. Nínú ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n ń lò fún un, ìbéèrè 20 péré ni ó wà níbẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" sì ni ìdáhùn òbí.

Ti etí tún yẹ kí ó yá ju èyí lọ. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ni pé kí a yẹ etí ọmọ wò kí ó tó pé oṣù kan, kí a mọ̀ dájú kí ó tó pé oṣù 3, kí ìrànlọ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé oṣù 6, nítorí àwọn ọdún àkọ́kọ́ ni ọpọlọ ń kó èdè jọ. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í rí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ títí tí wọn yóò fi wọ ilé-kéwú. Ohun tí ń ba etí jẹ́ kò sì jìnnà sí wa: ibà pọ́njú ọmọ tuntun tí a kò tètè tọ́jú, èèyi, etí tí ó ń ṣọyún láti ọdún dé ọdún. Àní kánfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ tuntun lè mú kí ibà pọ́njú le gan-an fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbà á. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ṣé àwárí àléébù ni?

Òdodo ni pé nínú Súrà Hujuraat, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa ro èrò burúkú sí ara wa, Ó sì kọ ìtọpinpin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń tọpinpin ń wá ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ fi pamọ́, kí ó lè dójú tì í ni. Kí ni ọmọ ọdún 2 fi pamọ́? Ọlọ́hun kan náà ni Ó pàṣẹ nínú Súrà Nisaai, áyà 6, pé kí alágbàtọ́ máa dán ọmọ òrukàn wò, kí ó rí i pé làákàyè rẹ̀ ti gbó, kí ó tó kó dúkìá rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Nítorí ààbò ọmọ náà ni a ṣe ń dán an wò. Bí a bá lè ṣe èyí nítorí owó, kí ló dé tí a kò ní ṣe é nítorí etí tí yóò fi gbọ́ Alùkùráánì?

Ẹ tún jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa: kò sí ọmọ tí a kì í yẹ̀ wò. Èyí tí a kò fi sùúrù yẹ̀ wò, ẹnu ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. A ní "ọ̀lẹ ni". A ní "dìndìnrìn ni". Àwọn mìíràn ní "ẹmẹ̀rẹ̀ ni", wọ́n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tẹ yanrìn. Àyẹ̀wò ni gbogbo ìwọ̀nyí, àmọ́ kò sí ẹ̀rí kan nínú rẹ̀. Ànábì (S.A.W.) kọ́ wa pé kálámù kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ títí yóò fi bàlágà. Àwa wá ń kọ ọ́ fún ọmọ ọdún 5. Èrò burúkú tí Ọlọ́hun kọ̀ gan-an nìyí, àyẹ̀wò òdodo ni ó sì lè lé e lọ.

Kádàrá ńkọ́?

A gba kádàrá gbọ́. Ṣùgbọ́n Ànábì (S.A.W.) sọ fún ẹni tí ó ni ràkúnmí pé kí ó so ó mọ́lẹ̀ kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun, ó sì pa á láṣẹ fún wa pé kí a máa wá ìwòsàn. Bí àìgbọ́ etí bá wà nínú kádàrá, ẹni tí ó mọ ìtọ́jú rẹ̀ wà nínú kádàrá pẹ̀lú.

Ẹ wo Ànábì Musa nínú Súrà Tọ́ọ̀hà. Ó mọ̀ pé ìdíwọ́ wà ní ahọ́n òun. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó tọrọ kí Ọlọ́hun tú u, ó sì tún bẹ̀bẹ̀ kí Haruna arákùnrin rẹ̀ jẹ́ olùrànlọ́wọ́ fún òun. Ó sọ ìdíwọ́ rẹ̀, ó ṣe àdúà, ó sì wá ìrànlọ́wọ́. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó dín ipò rẹ̀ kù lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Abdullah ọmọ Ummu Maktum, tí kò ríran, sì pe ìrun fún Ànábì wa.

Ibi tí ó ti lè ṣèpalára

Àyẹ̀wò lè ṣìnà. Ó lè mú òbí ọmọ tí ara rẹ̀ dá kúrò lójú oorun, ó sì lè fo ọmọ tí ó ní ìdíwọ́ dá. Ní ọdún 2016, ìgbìmọ̀ onímọ̀ ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà sọ pé ẹ̀rí kò tíì tó láti mọ̀ bóyá àǹfààní àyẹ̀wò autism ju ewu rẹ̀ lọ fún ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kíyè sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó yẹ kí èyí kọ́ wa ní ìrẹ̀lẹ̀. Àyẹ̀wò kì í ṣe ìdájọ́; ó kàn ń sọ fún wa pé kí a lọ bi ẹni tí ó mọ̀ jù wá lọ ni.

Ṣùgbọ́n ewu tí ó tóbi jù kò sí nínú ìwé ìbéèrè. Ẹnu àwa ni ó wà. Àwọn òbí kì í fi ọmọ pamọ́ nítorí pé wọn kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ń sá fún "ó wà nínú ìran wọn", wọ́n ń sá fún "ẹ má fẹ́ ọmọ nínú ilé yẹn". Ìyá ni a sì máa ń dá lẹ́bi. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbéyàwó, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ́kọ, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Bí a bá fẹ́ kí ìyá tètè sọ ohun tí ó rí lára ọmọ rẹ̀, a ní láti kọ́kọ́ jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ohun tí ó sọ kò ní di orin lẹ́nu ará àdúgbò.

Kí ni kí a ṣe?

Púpọ̀ nínú yín ń bá áfáà kọ́ ọmọ kéwú. Níbi tí ogójì ọmọ ti jọ ń ké, ọmọ tí etí rẹ̀ wúwo lè máa wo ẹnu ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó sì máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí wọ́n ti ń mì. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù dá wàláà rẹ̀ kà. Ẹ kíyè sí ọmọ tí ó mọ "bā" dáadáa, ṣùgbọ́n tí "sīn" àti "fā" máa ń bọ́ sọnù lẹ́nu rẹ̀; ohùn tínrín ni etí tí kò pé máa ń kọ́kọ́ pàdánù. Ẹ rọra pè é láti ẹ̀yìn. Ẹ mú un wá síwájú kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́ sí pàṣán.

Bí ẹ bá rí nǹkan, òbí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ sọ ọ́ fún, ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àmáánà ni. Ẹ má ṣe sọ pé "ọmọ yín jẹ́ báyìí". Ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Kí ẹ sì má fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀: ẹ bá wọn lọ sí ọsibítù, kí ẹgbẹ́ bá wọn wá owó ọkọ̀. Ẹni tí ó bá já ìròyìn sí òbí láyà tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, ẹrù ni ó dì lé wọn lórí. Bí ó bá sì di pé etí ọmọ kò ní gbọ́ mọ́, ilé-ìwé àwọn adití wà ní Ìbàdàn àti ní Èkó, òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2019 sì fún àwọn aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ìyàsọ́tọ̀.

Ní ọjọ́ tí a óò bi olúkúlùkù nípa àwọn tí a fi ṣọ́ ọ, a kò ní lè sọ pé ọmọ náà kò gbọ́ràn, nígbà tí ó jẹ́ pé àwa ni a kò bi etí rẹ̀ léèrè. Kí Ọlọ́hun la ojú wa sí ohun tí ọmọ kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, kí Ó tú gbogbo ahọ́n tí ó di, kí Ó sì fi àánú sí ọwọ́ àti ẹnu wa. Āmīn.