Òṣùwọ̀n Ìdájọ́ Nínú Títo Àwọn Fíìmù James Bond

Fíìmù márùndínlọ́gbọ̀n ni ilé-iṣẹ́ Eon ṣe nípa James Bond, amí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1962 tí Dr. No jáde títí di 2021 tí No Time to Die jáde. Ian Fleming ni ó dá ẹni ìtàn náà sílẹ̀. Ó ti bá ẹ̀ka amí àwọn ọmọ ogun ojú omi ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ilé rẹ̀ ní Jamaica ni ó sì ti kọ ìwé àkọ́kọ́, Casino Royale, tí ó jáde ní 1953. Àwọn olólùfẹ́ fíìmù wọ̀nyí ní àṣà kan: wọn a tún gbogbo rẹ̀ wò láti orí àkọ́kọ́ dé orí èyí tí ó gbẹ̀yìn, wọn a sì tò wọ́n ní ipò-ipò. Bí ẹnì kan bá fi From Russia with Love sí ipò kìíní, tí ẹlòmíràn sì fi Casino Royale ti 2006 síbẹ̀, àríyànjiyàn dé. Ṣé nǹkan kan wà nínú fíìmù náà fúnra rẹ̀ tí ó lè dá ọ̀kan láre, àbí ohun tí ó dùn mọ́ kálukú ni ó ń sọ?

Ìdáhùn tí ó máa ń yá lẹ́nu ni pé ohun tí ó dùn lẹ́nu ẹnì kan lè korò lẹ́nu ẹlòmíràn, nítorí náà kò sí ẹjọ́. David Hume, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Scotland, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò nínú àròkọ kan ní 1757. Ó gbà pé òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tí ń ṣe bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́: bí ẹnì kan bá fi akéwì tí kò mọ iṣẹ́ ṣe ẹgbẹ́ ọ̀gá akéwì, àwọn tí ó gbọ́ kò ní ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ó wá lo ìtàn kan láti inú Don Quixote. Wọ́n ní kí ọkùnrin méjì tọ́ wáìnì inú àgbá kan wò. Èkíní ní ó dára, àfi pé ó ta sánsán awọ. Èkejì ní ó dára, àfi pé ó ní ìtọ́wò irin. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ìgbà tí àgbá gbẹ ni wọ́n rí kọ́kọ́rọ́ irin kan tí wọ́n so mọ́ awọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí Hume fi ìtàn yìí gbé dúró ni pé nǹkan kan wà nínú ohun tí à ń tọ́ wò, ahọ́n ni kò mú bákan náà. Ahọ́n a sì máa mú sí i bí ẹni tí ó ni ín bá ń tọ́ nǹkan wò léraléra, tí ó ń fi ọ̀kan wé èkejì, tí ó sì mú ẹ̀tanú kúrò lọ́kàn.

Àtúnwò àwọn fíìmù James Bond ni irú ìdánrawò yìí gan-an. Eegun kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ní: ihò ìbọn tí Maurice Binder fi bẹ̀rẹ̀ wọn, orin àkọ́lé, àṣẹ láti ẹnu M, ọ̀gá Bond, ohun èlò láti ọwọ́ Q tí ń ṣe wọ́n fún un, ibùba ńlá ọ̀tá tí Ken Adam yàwòrán rẹ̀ fún púpọ̀ nínú wọn. Nítorí pé eegun kò yàtọ̀, ẹran ara ni ojú ń rí. Ẹ wo ìjà inú ọkọ̀ ojú irin. Ní From Russia with Love (1963), Sean Connery tí ó ṣe Bond àti Robert Shaw tí ó ṣe ọ̀tá rẹ̀ wọ̀yá ìjà nínú yàrá tóóró kan, iná ti fọ́, ẹni méjèèjì sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ kú, ó sì lè jẹ́ Bond. Ní The Spy Who Loved Me (1977), yàrá irú rẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n eléyín irin ni ọ̀tá, iná mànàmáná ni Bond fi gbá a léyín kí ó tó tì í gba ojú fèrèsé jáde. Ìgbádùn wà nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wò wọ́n tẹ̀lé ara wọn yóò rí i pé ewu ti lọ kúrò nínú èkejì. Kì í ṣe inú dídùn òun nìkan ni ó ń ròyìn bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àgbá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tanú hàn kedere nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí On Her Majesty's Secret Service. Ọdún 1969 ni ó jáde, Peter Hunt tí ó ti ń gé fíìmù àwọn ti ìṣáájú pọ̀ ni ó darí rẹ̀. George Lazenby, ará Australia tí iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ dídúró fún àwòrán ìpolówó, ni ó ṣe Bond, ìgbà kan ṣoṣo náà sì ni. Ọjọ́ ìgbéyàwó Bond gan-an ni wọ́n pa ìyàwó rẹ̀, Tracy, fíìmù sì parí síbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ wò ó kò rí nǹkan mìíràn ju pé kì í ṣe Connery. Lónìí, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ni ó ń fi í sí àárín àwọn ti òkè pátápátá. Ohun kan kò yí padà nínú fíìmù náà. Àárò Connery ni ó kúrò lójú àwọn tí ń wò ó, tí wọ́n fi wá rí àwọn òkè Alps àti ìbànújẹ́ Diana Rigg, tí ó ṣe Tracy, bí ó ti yẹ.

Ìṣòro kan wà tí Hume kò bá pàdé: ṣé ẹnì kan ṣoṣo ni ẹni tí gbogbo fíìmù wọ̀nyí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Òṣèré mẹ́fà ni ó ti ṣe é. John Locke, onímọ̀ ọgbọ́n-orí mìíràn, kọ ọ́ ní 1694 pé ìrántí ni ó ń so ènìyàn mọ́ ẹni tí ó jẹ́ lánàá, kì í ṣe ara. Lórí òṣùwọ̀n yìí, Roger Moore tí ó gbé òdòdó lọ sí ibojì Tracy ní For Your Eyes Only (1981) ni ọkọ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú Lazenby ni ó fi fẹ́ ẹ. Casino Royale ti 2006 já okùn náà: Bond ti Daniel Craig ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àṣẹ láti pànìyàn ni. Èyí kan títò gidigidi. Ènìyàn lè dá fíìmù Moore kan lẹ́jọ́ ní òun nìkan, ṣùgbọ́n Quantum of Solace (2008) kò lè dá dúró láìsí ọgbẹ́ tí Casino Royale dá sí ọkàn Bond.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ti ìwà. Yorùbá ní ìwà lẹwà, Hume náà sì kọ ọ́ pé iṣẹ́ ọnà tí ó gbé ìwà burúkú kalẹ̀ láìbá a wí ti ní àbùkù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà. Goldfinger (1964) máa ń wà ní òkè àtòkọ púpọ̀, òun sì ni ó fi ìdí eegun náà múlẹ̀. Síbẹ̀, nínú abà ẹṣin kan, Bond fi ipá mú obìnrin tí ó ti kọ̀ ọ́, obìnrin náà sì ti ibẹ̀ yí ọkàn padà, ó da ọ̀gá rẹ̀, gbogbo ìlú sì là. Kò sí ìdí mìíràn tí fíìmù náà fún wa fún ìyípadà yẹn. Àbùkù ìwà ti di àbùkù ìtàn: orí ohun tí kò ṣe é gbàgbọ́ ni ìparí rẹ̀ dúró lé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Live and Let Die (1973). Vodun ni ó fi ń dẹ́rù bani, ẹ̀sìn tí àwọn ẹrú kó láti ilẹ̀ tí ó di Benin àti Togo lónìí dé Haiti, níbi tí Ògún ti wà láàárín àwọn ẹ̀mí tí wọ́n ń pè ní Nago títí di òní. Nínú fíìmù náà, ejò, iná àti ijó ni ó kù, ọ̀daràn tí ń ta oògùn olóró sì ń fi wọ́n bo ojú. Ẹni tí ó mọ̀ pé olùjọ́sìn wà nídìí ìlù wọ̀nyẹn yóò rí ihò níbi tí ènìyàn yẹ kí ó wà, ihò ọ̀hún kì í sì í ṣe ti àṣejù ojú rẹ̀. Ó yẹ kí a fi kún un pé Hume fúnra rẹ̀, nínú àròkọ mìíràn, kọ ọ̀rọ̀ ìkà nípa àwọn aláwọ̀ dúdú, pé ó dà bíi pé ẹ̀dá wọn rẹlẹ̀ sí ti àwọn aláwọ̀ funfun. Òṣùwọ̀n tí ó là sílẹ̀ dá a lẹ́bi.

Òdìkejì èyí ni ìdí tí Casino Royale ti 2006 fi wúwo. Àṣẹ láti pànìyàn ni iṣẹ́ Bond láti 1962, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí fíìmù kan béèrè ohun tí ó ń ṣe sí ẹni tí ó gbà á. Níhìn-ín, lẹ́yìn ìjà orí àtẹ̀gùn, Bond dúró níwájú dígí, ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ó mu ọtí kan. A sì bá Vesper, obìnrin tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀, tí ó jókòó tòun taṣọ lábẹ́ omi tí ń ya, nítorí ó ti rí bí wọ́n ṣe ń pànìyàn.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti wọ òṣùwọ̀n tán, ìyàtọ̀ kan ṣì kù tí Hume gbà pé kò ní ẹ̀bi nínú. Ọjọ́ orí àti irú ẹni tí ènìyàn jẹ́ ni ó ń fà á: òǹkọ̀wé tí ọ̀dọ́ fẹ́ràn kì í ṣe ẹni tí àgbà máa ń fẹ́ràn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ mọ Bond nípasẹ̀ ẹ̀rín Roger Moore nígbà èwe yóò fàyè sílẹ̀ fún Moonraker (1979). Ẹni tí ó bá ń wá ọkùnrin tí inú ń bí yóò gbé Licence to Kill (1989) ti Timothy Dalton ga jù ú lọ. Àwọn méjì yìí lè pààrọ̀ ipò láàárín àtòkọ adájọ́ rere méjì láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣìnà, kí From Russia with Love sì wà lókè nínú méjèèjì, kí Die Another Day (2002) sì wà nísàlẹ̀.