Owó Mi Ni. Omi Ta Ni?

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ ìfọṣọ ní ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, láti Jakande títí dé Sangotedo, ìbéèrè mẹ́ta ni wọn yóò kọ́kọ́ bi í: èló lẹ mú wá, aṣọ kílò mélòó lẹ fẹ́ kó máa fọ̀, ṣé ẹ ní ínfátà? Ìbéèrè tó dáa ni gbogbo wọn. Abiyamọ tó ní ọmọ mẹ́rin ní Badore kò ní owó tí yóò fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè lórí káńtà, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó ṣáájú: bí èèyàn bá lówó tó tó san iná, tó sì gbẹ́ bọ́hòlù sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀, ṣé ó wá lẹ́tọ̀ọ́ láti fi iná àti omi náà ṣòfò?

Èsì tó wọ́pọ̀ ní àdúgbò yìí kò gùn: "Owó mi ni."

Èsì náà ní ìdí. Ọ̀pọ̀ ilé ní Lekki àti Ajah ló ń dá ṣe ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe fún wọn. Omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn fúnra wọn ló gbẹ́ bọ́hòlù, tí wọ́n ra táńkì, tí wọ́n ra jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ti àpò ara rẹ̀ ná gbogbo ìyẹn, kò rọrùn láti sọ fún un pé omi tó ń fà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Síbẹ̀, ẹ̀sìn méjèèjì tó gbilẹ̀ jù níbẹ̀ ti dá sí ọ̀rọ̀ náà. Hádíìsì kan wà tí Ibn Majah gbà sílẹ̀, pé Ànábì Muhammad ń kọjá lọ lọ́dọ̀ Sa'd, ọ̀kan nínú àwọn sàábé rẹ̀, nígbà tí Sa'd ń ṣe àlùwàlá, ó sì bi í pé irú ìnàákúnàá wo nìyí. Ó ya Sa'd lẹ́nu pé ìnàákúnàá lè wà nínú àlùwàlá tó jẹ́ ti ìjọsìn. Ànábì dá a lóhùn pé ó wà níbẹ̀, kódà bó bá jẹ́ etí odò tó ń ṣàn ló dúró sí. Nínú Ìhìn Rere Jòhánù orí kẹfà, lẹ́yìn tí Jésù bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn yó, ó ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn kó àjẹkù jọ kí nǹkan kan má bàa ṣòfò. Agbọ̀n méjìlá ló kún. Ẹni tó lè sọ ìṣù búrẹ́dì márùn-ún di oúnjẹ ọ̀pọ̀ èèyàn, kí ló tún ń fi àjẹkù ṣe? Ibi tí ìtàn méjèèjì ti pàdé nìyí: kò sí èyí tó torí pé nǹkan wọ́n kìlọ̀. Omi ń ṣàn, búrẹ́dì pọ̀, síbẹ̀ ìfiṣòfò ṣì ń jẹ́ ìfiṣòfò.

Omi Lekki kò sì pọ̀ tó omi odò yẹn. Ilẹ̀ tóóró ni Lekki, àárín ọ̀sà àti òkun Àtìláńtíìkì ló há sí. Inú iyanrìn abẹ́ ilẹ̀ ni omi tí bọ́hòlù ń fà wà, iyanrìn kò sì mọ ibi tí ògiri ẹ̀sítéètì kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo ilé bá ń fà á ju bí òjò ṣe ń dá a padà lọ, omi iyọ̀ ni yóò wọlé gba ipò rẹ̀, kò sì ní yan ẹni tó fà jù kó tó dé kànga rẹ̀. Irin inú omi náà tún ń sọ ọ́ di rúsúrúsú, tí aṣọ funfun fi ń pọ́n. Àwọn ọmọ Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá tí wọ́n ń fọ sùtánà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń sẹ́ omi kí wọ́n tó lò ó. Omi ni wọ́n sì tún fi ń fọ ohun tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ, tí gbogbo rẹ̀ ń ṣàn dà sí gọ́tà.

Ti iná rọrùn láti ṣírò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná gbé owó iná Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 fún yúníìtì kan. Nígbà tó yá lọ́dún náà, ó wálẹ̀ sí nǹkan bíi ₦209. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ẹ̀rọ ló rò pé mọ́tò ló ń jẹ iná. Mímú omi gbóná ló ń jẹ ẹ́. Láti mú lítà omi 15 gbóná láti ìwọ̀n 28 dé 60 ń gba iná tó lé ní ìdajì yúníìtì, ìyẹn, ní iye yẹn, ju ₦100 lọ ní ìfọ̀ kan ṣoṣo, yàtọ̀ sí iná tí mọ́tò fúnra rẹ̀ máa jẹ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ará Èkó ń pè ní "I better pass my neighbour" kò tilẹ̀ lè gbé ohun tó ń mú omi gbóná. Jẹnẹrétọ̀ ńlá ni wọn yóò tàn, èéfín rẹ̀ á sì gba ojú fèrèsé aládùúgbò wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi inú táńkì tí oòrùn Ajah ti ń pa láti àárọ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìwọ̀n 30 tí ará London ń fi iná wá, oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é fún ará Ajah lọ́fẹ̀ẹ́. Yàtọ̀ sí aṣọ aláìsàn àti ìlédìí ọmọ ọwọ́, omi táńkì tó.

Ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ ní láti fara balẹ̀ ka àmì ìlò iná tó wà lára ẹ̀rọ náà. Láti oṣù kẹta ọdún 2021 ni Yúróòpù ti pa A+++ rẹ́ lára ẹ̀rọ ìfọṣọ, tí wọ́n padà sí A dé G. A+++ àtijọ́ kì í ṣe A ti òní.

Ẹ̀rọ oníkòtò méjì, twin tub, ló sábà máa ń pọ́ọ́kú jù. Kò ní ohun tó ń mú omi gbóná, korobá ni wọ́n lè fi pọn omi sí i, omi ọṣẹ kan náà sì lè fọ aṣọ funfun, kó fọ aláràbarà, kó fọ jíǹsì, kí wọ́n wá fi ìyókù fọ ilé ìwẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gba aṣọ níwájú sábà máa ń lo nǹkan bíi lítà 50, ṣùgbọ́n ó ń da gbogbo rẹ̀ nù. Fún ilé tí ẹnì kan wà láti dúró tì í, oníkòtò méjì ló bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó ń jáde láàárọ̀ kùtù, tí gòsíló sì ń dá dúró lójú ọ̀nà di alẹ́, kí ó ra onígbàwájú, kí ó fi omi tútù fọ̀, kí aṣọ sì kún un. Nínú ìwé *More Work for Mother* tó jáde ní 1983, Ruth Schwartz Cowan fi hàn pé ẹ̀rọ inú ilé kò dín wákàtí iṣẹ́ àwọn ìyàwó ilé kù ní Amẹ́ríkà bí wọ́n ṣe rò, nítorí pé bí ẹ̀rọ ṣe ń dé ni ohun tí wọ́n kà sí ìmọ́tótó ń ga sí i. Ilé tó ń tan ẹ̀rọ nítorí yúnífọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ti wọ inú ìṣòro náà.

Ẹnì kan ṣì kù tí àmì ara ẹ̀rọ kì í kà: obìnrin alágbàfọ̀ tó ń wọ bọ́ọ̀sì láti Ajah wá sí Lekki Phase 1 lọ́jọ́ Sátidé, tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ báfù títí ọ̀sán. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá dé, owó rẹ̀ ni ilé sábà máa ń kọ́kọ́ gé, owó tí wọ́n gé yẹn ló sì ń mú kí ẹ̀rọ náà dà bí ohun tó pọ́ọ́kú. Àwọn ilé kan wà tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́, ó ń to aṣọ sí i, ó ń sá a, ó ń lọ̀ ọ́, iye tó ń gbà kò yí padà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì sinmi. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kí ìdílé tó lọ sí Sangotedo, kí wọ́n kọ owó oṣù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó iná, kí wọ́n sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ iye tí ẹ̀rọ náà máa ná wọn.