Ó Ha Tọ́ Kí A La Òkú Wò Bí?

Ní Terminus, ní ìlú Jos, ni mo ti bá àwọn Yorùbá oníṣòwò kan níbi àríyànjiyàn. Ọ̀kan nínú wọn kú lójijì. Dókítà ní kí ẹbí jẹ́ kí òun la òkú náà wò. Ẹbí kọ̀ jálẹ̀. Bàbá kan ní, “Ẹni tí ó ti kú ti kú. Kí ni wọ́n tún ń wá nínú rẹ̀?” Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ta aṣọ dá a lóhùn pé, “Ẹ má bínú o, bàbá. Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́, bí ohun tí ó pa á bá wà lára wọn?” Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Ojú ọ̀pọ̀ wọn wà lára ìsọ̀ ìyàwó bàbá olóògbé, lódìkejì ọ̀nà.

Òótọ́ ni pé Yorùbá kì í fi òkú wọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa náà kì í dákẹ́ bí ikú bá ya ni lẹ́nu. A máa ń wádìí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé “Ta ni ó pa á?” ni àwa sábà máa ń béèrè, nígbà tí dókítà olùwádìí àrùn ń béèrè pé “Kí ni ó pa á?” Ìbéèrè tiwa kì í pẹ́ rí arúgbó tí yóò dá lẹ́bi.

Ìlú Jos yìí kan náà mọ ohun tí ìbéèrè kejì ń ná ènìyàn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969, wọ́n gbé nọ́ọ̀sì kan, Laura Wine, láti Lassa, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Borno òde òní, wá sí ilé ìwòsàn Evangel, tí àwọn ará Jos ń pè ní Jankwano. Kò ju ọjọ́ kan lọ tí ó fi kú. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀, kú ní oṣù kejì. Dókítà Jeanette Troup la òkú Shaw wò, Lily Pinneo sì ràn án lọ́wọ́. Òkú ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni o! Ta ni yóò sọ pé wọn kò bọ̀wọ̀ fún un?

Láìpẹ́, àìsàn náà mú Pinneo. Wọ́n gbé e lọ sí New York, ó sì yè é. Lára ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni Jordi Casals àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yale ti rí kòkòrò àrùn tí a fi orúkọ Lassa pè. Ó mú Casals pàápàá. Omi ẹ̀jẹ̀ Pinneo wà lára ohun tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ tí ó fi yè. Juan Roman, òṣìṣẹ́ kan ní Yale, kò yè é. Nígbà tí àrùn náà tún dé Jos ní ọdún 1970, ọ̀bẹ ya Dókítà Troup lọ́wọ́ níbi tí ó ti ń la òkú mìíràn wò. Ó kú ní oṣù kejì ọdún náà.

Lónìí, a mọ̀ pé èkúté ni ó ń gbé ibà Lassa kiri, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò fún un ní Irrua, ní ìpínlẹ̀ Edo. Èmi kò ní kí a já òkú gbà lọ́wọ́ ẹbí. Kí dókítà bẹ̀bẹ̀, kí ó ṣàlàyé, kí ó rán ojú ọgbẹ́ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ẹbí tí ó bá kọ̀ má ṣe wá fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ apànìyàn.

Wọ́n sin arákùnrin Terminus náà láìyẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìsọ̀ ìyàwó bàbá rẹ̀ wà ní títì.