Ìgbà Wo Ni Àtìpó Ń Di Ọmọ Onílé?

Bí ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan bá ra ilẹ̀ sí ìlú Ọ̀yọ́, tí ó kọ́lé, tí ó gbẹ́ kànga, tí ó sì bí gbogbo ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, bí àwọn aládùúgbò yóò ṣe máa júwe ilé náà fún àlejò ni pé, 'Ilé Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́.' Kò sí èébú nínú rẹ̀. Bàbá náà pàápàá kì í bínú sí i, nítorí bí ó bá ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọdún tàbí fún ìsìnkú, ohun tí òun náà ń wí ni pé òun ń lọ sílé. Ibi tí ó ń sùn lójoojúmọ́ kì í ṣe ilé lẹ́nu rẹ̀. Ibi tí kì í sùn ni ilé. Èdè Yorùbá ti fi ìyàtọ̀ sáàárín ilé àti ibùgbé, ṣùgbọ́n kò sọ ọjọ́ tí ibùgbé ń di ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹni tí ó kọ́lé ni, tàbí ẹni tí ó bá nílẹ̀?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun ní Ọ̀yọ́, nítorí pé ṣíṣí ni Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ ṣí wá síbi tí ó wà. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1836, lẹ́yìn tí Aláàfin Olúewu kú sí ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀, Àtìbà tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀ kò padà síbẹ̀. Àgọ́-Ọ̀jà ni ó fi ṣe olú-ìlú, ibi tí ó fi nǹkan bí 130 kìlómítà jìnnà sí ti àtijọ́ ní ìhà gúúsù. Àgọ́ yìí kì í ṣe igbó tí kò ní olówó. Ọ̀jà ni ó tẹ̀ ẹ́ dó, àbúrò rẹ̀ sì jẹ olórí tẹ̀ lé e. Àtìbà yí orúkọ ibẹ̀ padà sí Ọ̀yọ́, ó kọ́ ààfin, ó tún àwọn oyè àtijọ́ jẹ, ó sì gbé orúkọ àdúgbò bí Ìsọ̀kùn, níbi tí àwọn ọmọ ọba ń gbé ní Ọ̀yọ́-Ilé, wá sí ìlú titun. Àwọn àgbà ní ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti Àtìbà, orúkọ ni ó kọ́kọ́ sọ. Ilé ń bọ̀ wá bá a lẹ́yìn.

Orúkọ kì í sì í kún ilé. Nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́, kọ parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, a kà á pé ipá ni Àtìbà fi kó àwọn ará ìlú kéékèèké tí ó yí i ká wọ Ọ̀yọ́. Akéètàn àti Apààrà wà lára wọn. Orúkọ ìlú wọn ni ó di orúkọ àdúgbò títí di òní. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti le. Ọba ní àwíjàre: ayé ogun ni, ìlú tí kò lérò kì í pẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ẹni tí ó bá pè é ní olùdáàbòbò kò purọ́. Ṣùgbọ́n kí ni a ó wí fún ìyá àgbà tí wọ́n mú kúrò níbi oórì ọkọ rẹ̀, tí kò bẹ ẹnikẹ́ni fún olú-ìlú? Ǹjẹ́ ire tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí ní Ọ̀yọ́ lè san gbèsè omijé tirẹ̀? Kò lè san án, nítorí ẹni tí a jẹ ní gbèsè kọ́ ni ó gba owó. Síbẹ̀, ta ni yóò dúró lónìí kí ó sọ fún ọmọ Akéètàn pé Ọ̀yọ́ kì í ṣe ilé rẹ̀? Ẹ̀bi ń bẹ lọ́rùn ẹni tí ó kó wọn; ilé ń bẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó kó. Àwọn tí ń lọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí pọ̀ ni wọ́n ń fi ìtàn jà sí ilẹ̀.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a kà sí rere fún Àtìbà. Oyè Aṣípa, ọ̀kan nínú oyè Ọ̀yọ́ Mèsì, ni ó fi fún ìdílé Ọ̀jà. Ó gba ilé lọ́wọ́ wọn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ṣe bí ẹni pé òun kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ẹ̀wẹ̀, tí kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà sí Ọ̀yọ́, ohun tí ìtàn àtẹnudẹ́nu fi bẹ̀rẹ̀ ni èéfín. Ògúnlọlá ọdẹ pabùdó sábẹ́ igi àjàgbọn, ó rò pé òun nìkan ni, àfi bí ó ṣe rí èéfín lọ́ọ̀ọ́kán. Kò sá, kò sì yọ ọfà. Ó wá àwọn tí ó dáná náà kàn, ó rí i pé ọdẹ bí ti òun ni wọ́n, wọ́n sì di ẹgbẹ́. Nígbà tí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún dé, odi Ògbómọ̀ṣọ́ kò wó, ọ̀pọ̀ ìlú ni ó sì sá wọ inú rẹ̀. Àwọn ọba aládé wà nínú àwọn tí ó sá wá, bẹ́ẹ̀ Ṣọ̀ún tí ó gbà wọ́n, Baálẹ̀ lásán ni nígbà náà. Ẹ wo bí yóò ti rí lára ọba tí ń tọrọ àyè lọ́wọ́ Baálẹ̀! Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran.

A lè wí pé ti Ògbómọ̀ṣọ́ sàn ju ti Ọ̀yọ́ lọ, nítorí ẹsẹ̀ ara wọn ni àwọn wọ̀nyí fi rìn wọlé. Ẹ jẹ́ kí a rọra. Ẹni tí ń sá fún ikú kò ráyè ṣa ibi tí yóò sá sí. Ìyàtọ̀ tòótọ́ hàn nígbà tí àlàáfíà dé: àwọn kan padà lọ tún ìlú bàbá wọn tẹ̀ dó, àwọn kan sì jókòó. Ẹni tí ó jókòó nígbà tí ọ̀nà àtilọ ti là, òun ni a lè sọ pé ó yan ilé. Kì í ṣe ọjọ́ tí ó wọlé ni ó di ọmọ onílé, bí kò ṣe ọjọ́ tí ó lè jáde, tí kò sì jáde.

Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan náà ni wọ́n wá mọ apá kejì ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ wọn ti ṣòwò títí dé àríwá ilẹ̀ Gánà, wọ́n kọ́lé, wọ́n sì ti ń bí ọmọ-ọmọ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọjọ́ 14. Ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń pè ní ilé. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá Gánà nìkan lẹ́bi, nítorí ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì, ará Gánà sì ni púpọ̀ nínú wọn.

Àwọn kan nínú àwọn tí ó padà wálé ní 1969 ti kọ́lé sí Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ́lẹ̀ láìgbé inú rẹ̀ rí. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n gbálẹ̀, wọ́n kó ẹrù wọlé. Àwọn ọmọ tí a bí sókè òkun kò mọ ọ̀nà ọjà. Ọwọ́ àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀. Kò sì ní yani lẹ́nu bí aládùúgbò kan bá júwe ilé wọn fún àlejò pé, 'Ilé àwọn ará Gánà.'